Ẹni Tó Fi Ránṣẹ́ Náà Wà Nínú Ẹjọ́

"Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́. Bí wọ́n ṣe fi ránṣẹ́ sí mi ni èmi náà ṣe fi í ránṣẹ́." Ẹ ó ti gbọ́ àwáwí yìí ní Bantè nílẹ̀ Benin, ẹ ó ti gbọ́ ọ ní Gouka àti ní Pira, ẹ ó ti gbọ́ ọ ní Savalou, ní Logozohè, títí dé Tchetti lọ́hùn-ún nítòsí ààlà Togo. Ọmọ ilé ìwé ń sọ ọ́, àgbà tí irun orí rẹ̀ ti funfun ń sọ ọ́. Ẹnìkan á ya fọ́tò obìnrin tí kò mọ̀ rí, á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé gbọ́mọgbọ́mọ nìyí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, fọ́tò náà ti dé Cotonou, ó ti dé Ìbàdàn, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà ní Libreville. Ẹ wá béèrè lọ́jọ́ kejì pé ta ló rí i pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́. Kò sí. Ọmọ ta ló sọnù? Kò sí ọmọ tó sọnù. Gbogbo ìlú kàn fi í ránṣẹ́ ni.

Ìkìlọ̀ ni mo wá ṣe, mo sì fẹ́ ṣe é láìfepo-bọyọ̀: ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ wà nínú ẹjọ́ ọ̀rọ̀ náà bíi ti ẹni tó kọ ọ́. Àwọn baba wa kò fi èyí pamọ́ fún wa. Wọ́n ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá sí ọwọ́ tó nà sókè láti gbà á, orí àjà ni olè náà àti epo rẹ̀ ìbá wà títí onílé yóò fi dé. Irọ́ tí ẹnìkan pa nínú yàrá rẹ̀ kò tíì pa ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí igba ọwọ́ bá gbà á sílẹ̀ ló ń di ikú.

Mi ò dárúkọ ikú láti fi dẹ́rù bà yín lásán. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2001, ní Cotonou, àwọn èrò pa ènìyàn márùn-ún láàárín ọjọ́ díẹ̀, iná ni wọ́n sì fi sun èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ̀sùn wo? Pé wọ́n fara kan ọkùnrin lójú pópó, nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ sì pòórá. Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn kan náà, irú ariwo bẹ́ẹ̀ ti jà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Nàìjíríà. Oníwàásù mẹ́jọ ni wọ́n dáná sun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó wò. Nínú gbogbo ẹ̀sùn tí ènìyàn lè fi kan ẹnìkejì rẹ̀, ǹjẹ́ èyí tó rọrùn láti wádìí tó báyìí wà? Kí ẹni tó ń ké wọ yàrá kan, kí ó bọ́ ṣòkòtò, kí àgbà ọkùnrin méjì wò ó. Ìṣẹ́jú kan ni. Kò sí ẹni tó fẹ́ fi ìṣẹ́jú kan yẹn sílẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ pariwo lè má fọwọ́ kan táyà, ó lè má ṣá ìṣáná. Bó ti ń pariwo tán, ó lè ti bá tirẹ̀ lọ. Àwọn tó gba ariwo náà lẹ́nu rẹ̀ ló lọ gbé táyà wá.

Ẹ sì rántí pé ní 2001, fóònù alágbèéká kò tíì wọ́pọ̀ láàárín wa. Ariwo ẹnu lásán ló ṣe gbogbo èyí, ibi tí ohùn ènìyàn lè dé ló sì dé mọ. Ariwo tòní kò mọ ibi tí ohùn ń parí sí.

Ẹ jẹ́ ká rìn jìnnà díẹ̀. Ní 1 oṣù keje 2018, ní abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Rainpada ní Íńdíà, àwọn ará abúlé lu ọkùnrin márùn-ún pa. Alárìnkiri ni wọ́n, wọ́n ń rìn láti ìlú dé ìlú tọrọ owó. Ìròyìn tó ti gba orí WhatsApp kan ni pé àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ti wọ àgbègbè náà. Lára ohun tó ń káàkiri Íńdíà nígbà náà ni fídíò kan: àwọn méjì lórí alùpùpù, wọ́n já ọmọ gbà lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n sì sá lọ. Ojú ẹni tó rí i kò lè gbà á. Ṣùgbọ́n Karachi ní ilẹ̀ Pakistan ni wọ́n ti ya fídíò yẹn, àwọn tó ń kọ́ òbí bí wọ́n ṣe lè dáàbò bo ọmọ ni wọ́n sì yà á. Ní ìparí rẹ̀, àwọn alùpùpù náà yí padà, wọ́n dá ọmọ náà padà, wọ́n sì gbé pátákó ìkìlọ̀ sókè. Ẹnìkan gé ìparí náà kúrò. Ohun tó kù lẹ́yìn tó gé e ni àwọn èèyàn ń pín kiri.

Ní Bantè, ojoojúmọ́ ni zémìjàn, alùpùpù akérò wa, ń gbé ọmọ kọjá lójú ọ̀nà Djougou, tí ọmọ náà á máa sunkún nítorí pé kò fẹ́ lọ sílé ìwé. Bí ẹnìkan bá ya èyí ní fídíò, tó kọ ọ́ sí i pé "Bantè, àárọ̀ òní", kí ni ẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sí onízémìjàn náà kí ó tó dé Akpassi? Lẹ́yìn ikú àwọn ènìyàn ní Íńdíà, ilé iṣẹ́ WhatsApp fúnra rẹ̀ dín iye ibi tí ènìyàn lè fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan kù sí márùn-ún. Ní oṣù kìíní 2019 wọ́n ṣe é fún gbogbo ayé. Àwọn oníṣòwò tó jẹ́ pé bí a bá ṣe ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ tó ni èrè wọn ṣe ń pọ̀ tó, àwọn pàápàá rí i pé ọwọ́ tó ń gbà á sílẹ̀ ni kí wọ́n dì mú.

A máa ń pa á lówe pé ikú yá jẹ̀sín, a kì í sì í ro ohun tí òwe náà ń sọ nípa wa. Ó ń sọ pé láàárín wa, ẹni tí a bá dójú tì ní gbangba, a ti fi ohun tó le ju ikú lọ kàn án. Ní Èkó, ẹni tí wọ́n bá kàn lábùkù lè kó lọ sí àdúgbò mìíràn kí ó sì máa bá ayé rẹ̀ lọ. Ní Akpassi tàbí ní Doumè, ibo ni yóò kó lọ? Orúkọ agbo ilé rẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà oko kan ni, kànga kan ni, ọjà kan ni. Bí o bá kọ ọ́ pé àjẹ́ ni ìyá kan, o ti kọ ọ́ mọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ tí wọ́n ń bọ̀ wá tọrọ, o sì ti kọ ọ́ mọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí wọn kò tíì bí. Ní 15 oṣù kẹjọ ọdọọdún, nígbà tí Savalou bá ń ṣe ọdún iṣu tuntun, tí ọmọ ìlú ń ti ibi gbogbo wọlé, àwọn kan wà tí wọn kò lè wá mọ́, kì í ṣe pé wọn kò rí owó ọkọ̀ san.

Ohun mìíràn tún wà. Ìṣà, Mahi, Ifẹ̀ àti Fúlàní ló jọ ń gbé lágbègbè yìí. Ẹ̀sùn tí a bá fi kan ẹnìkan kì í pẹ́ di ẹ̀sùn ẹ̀yà rẹ̀. Màlúù kan wọ oko iṣu, ẹnìkan ká ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, ó ní "àwọn Fúlàní ti dé o!" Màlúù kan àti ọmọdé darandaran kan ló wà lóko. Nínú fóònù, ogun ló dé.

Ẹnìkan lè bi mí pé ṣé àwọn baba wa kì í dójú ti oníwà burúkú ni. Wọ́n ń dójú tì í dáadáa. Lóru Èfẹ̀, níbi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, lọ́dọ̀ àwọn ìbátan wa ní Kétu, Ọ̀rọ̀ Èfẹ̀, akọrin tó gbé ìbòjú, a máa fi orin na ọ̀lẹ, a fi na alágbèrè, a fi na ìjòyè tó jẹ owó ìlú. Ohun àmúyangàn ni. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún gbogbo ayé ní 2001, ọdún kan náà tí wọ́n ń sun ènìyàn ní Cotonou. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọgbà tí wọ́n fi yí orin yẹn ká. Òru kan ni. Ojúde ọjà kan ni. Ẹni tó gbé ìbòjú, ìlú mọ̀ ọ́n. Ààbò àwọn ìyá wa ló wà lórí rẹ̀, iwájú àwọn ìyá náà ló sì ti ń kọrin, nítorí náà kò jẹ́ sọ ohun tí kò mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń kọrin bá wà nínú èrò, tàbí kí ẹbí rẹ̀ wà níbẹ̀. Ilẹ̀ á mọ́, orin á dákẹ́, ẹni náà á sì gbé ọkọ́ rẹ̀ lọ sóko láàárín àwọn tó fi í rẹ́rìn-ín lánàá, nítorí àtúnṣe ni wọ́n ń wá.

Èyí tí à ń ṣe lórí fóònù kò ní ọgbà. Ẹni tó ń kọrin fi orúkọ pamọ́. Ẹni tí wọ́n ń kọrin bá kò sí níbẹ̀, òun ló sì máa ń gbọ́ kẹ́yìn. Orin náà kò dákẹ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹnìkan tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ á tún hú u jáde. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé àṣà wa ni à ń tẹ̀lé. Àṣà wa ní ẹnu ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà padà wọlé.

Ẹni tó bá ń ti Savalou bọ̀ ní Bantè mọ Dankoli lẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn tó ní ẹ̀bẹ̀ ń gún èèkàn igi mọ́ ojúbọ náà, wọ́n ń da epo pupa sí i, wọ́n ń fi ọtí ṣódàbì sẹ́nu fọ́n ọn, wọ́n sì ń sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ àti ohun tí wọn yóò mú wá bí ó bá ṣẹ. Bí ó bá ṣẹ, wọ́n gbọ́dọ̀ padà wá san án. Mi ò sọ pé kí gbogbo ènìyàn máa bọ Dankoli. Oníkálukú ló mọ ohun tó ń sìn. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tó dúró níbẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu òun ti di gbèsè. Ó lè wá kúrò níbẹ̀, kí ó wọ ọkọ̀, kí ọkọ̀ sì tó dé Bantè kí ó ti fi ẹ̀sùn tí kò mọ orí rẹ̀ mọ ìdí rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún ènìyàn, tí kò ní rò pé gbèsè kankan wà lọ́rùn òun.

Kí àwọn àgbà má sì máa fi ọ̀rọ̀ yìí bú àwọn ọ̀dọ́ nìkan, bí ẹni pé fóònù ló bí ìwà náà. Àwa tí a ti dàgbà ní tiwa. Ní nǹkan bí 1975 sí 1976, nígbà ìjọba Mathieu Kérékou, ìjọba gbógun ti ohun tó pè ní àjẹ́. Àwọn ìyá arúgbó ni wọ́n mú jù. Wọ́n mú kí àwọn kan nínú wọn jẹ́wọ́ lórí rédíò ìjọba, kí gbogbo orílẹ̀-èdè lè gbọ́. Ẹ fojú inú wo ìyá tí kò sọ̀rọ̀ níwájú ẹ̀rọ rí, tí ọlọ́pàá yí ká, tí wọ́n ní kó sọ bó ṣe pa ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Rédíò kan ló sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbọ́ ọ, tí wọ́n dìde lọ́jọ́ kejì tí wọ́n na ìka sí ìyá tó wà ní agbo ilé kejì, àwọn yẹn kò ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò. Ọ̀pọ̀ ìyá bẹ́ẹ̀ ló lọ sí ibojì pẹ̀lú orúkọ tí kì í ṣe tiwọn.

Ó kù sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sọ pé, "Ṣùgbọ́n òótọ́ ni mo sọ." Òótọ́ pàápàá ń ṣẹ́ ọrùn ènìyàn bí a bá jù ú láìwo ibi tó máa bà. Ní oṣù keje 1978, níbi ìpàdé àwọn olórí Áfíríkà ní Khartoum, Kérékou na ìka sí Omar Bongo ti Gabon lójú gbogbo ayé, nítorí àwọn ọmọ ogun alágbàṣe tí Bob Denard kó wá kọlu Cotonou ní 16 oṣù kìíní 1977. Ẹ̀sùn náà ní ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n Bongo kò fèsì fún Kérékou. Àwọn ọmọ Benin tó ń gbé Gabon ni ó fèsì fún: ó lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn kúrò nílùú, àwọn kan sì pàdánù ṣọ́ọ̀bù àti ohun ìní. Ní Khartoum ni ọ̀rọ̀ ti jáde. Kápẹ́ńtà tó wà ní Libreville ló san án.

Ẹ tún wo ti gbèsè. Ní Nàìjíríà, àwọn ilé iṣẹ́ kan ń yáni lówó lórí fóònù. Kí wọ́n tó yá ọ, wọ́n á gba àṣẹ láti rí gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù rẹ. Ọjọ́ tí o bá pẹ́ san, wọ́n á kọ̀wé sí àna rẹ, sí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́, sí pásítọ̀ rẹ, pé olè ni ọ́. Ní oṣù kẹjọ 2021, àjọ ìjọba tí wọ́n ń pè ní NITDA bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé ọ̀kan nínú wọn lórí. Ní oṣù kẹta 2022, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ya wọ ọ́fíìsì àwọn mìíràn ní Ìkẹjà. Gbèsè náà òótọ́ ni. Kò sí ẹni tó ní kí ajigbèsè má san. Ṣùgbọ́n kí ni ọ̀rọ̀ náà kan àna rẹ̀? Àwọn ẹgbẹ́ èsúsú wa tó ti ń ronú láti máa gbé fọ́tò obìnrin tó kùnà owó ọ̀sẹ̀ sí orí WhatsApp, ẹ má ṣe é. Obìnrin tí a bá ti sọ di olè lójú ọjà, ta ni yóò ra ẹ̀wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó rí owó yín san?

Àti ìwọ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọmọbìnrin kọ̀ sílẹ̀, tí fọ́tò ìhòòhò rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ: ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ tààrà. Pa á rẹ́ lónìí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tí o fẹ́ fi hàn, bí wọ́n bá gbà á, ọ̀daràn bíi tìrẹ ni wọ́n.

Òfin ilẹ̀ wa kò gba àwáwí tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Òfin 2017-20 ti 20 oṣù kẹrin 2018, èyí tí wọ́n ń pè ní Code du numérique, sọ ọ́ ní abala 550: ẹni tó bá dá ìròyìn irọ́ sílẹ̀ nípa ẹnìkan lórí ìkànnì ayélujára, tàbí tó gbé e kiri, ẹ̀wọ̀n oṣù kan sí oṣù mẹ́fà, àti owó ìtanràn 500,000 sí 1,000,000 fàránkì CFA, tàbí ọ̀kan nínú méjèèjì. Ẹ tún un kà: tàbí tó gbé e kiri. Àgbẹ̀ iṣu wo, àgbẹ̀ kajú wo ní Bantè ló ní mílíọ̀nù kan fàránkì nílẹ̀ tí yóò fi san owó ohun tí kò kọ?

Mi ò sọ pé òfin yìí mọ́. Wọ́n ti fi lu ẹni tí kò yẹ kí wọ́n lù. Ní oṣù kejìlá 2019, oníròyìn Ignace Sossou kọ ohun tí agbẹjọ́rò ìjọba, Mario Mètonou, sọ ní gbangba sórí Twitter. Níbi ìpàdé kan lórí ìròyìn irọ́ gan-an ló sì ti gbọ́ ọ. Oṣù méjìdínlógún ni wọ́n dá fún un. Ó jáde ní oṣù kẹfà 2020 lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dín in kù. Àbùkù ìjọba ni ìyẹn. Nítorí náà, kí mẹ́yọ̀ kankan má gbé ìwé yìí lọ́wọ́ láti fi pa ẹni tó ń béèrè owó kànga lẹ́nu mọ́. Ẹni tó béèrè ohun ìlú lọ́wọ́ alágbára, tó fi orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀, tó ní ẹ̀rí lọ́wọ́, iṣẹ́ ìlú ló ń ṣe. Àwa ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó fara pamọ́ láti na aláìlágbára.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ alákòóso gúrúùpù, ẹ̀yin lẹ ní kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀. Ẹ̀sùn tó bá dárúkọ ènìyàn, tó gbé fọ́tò rẹ̀ dání, tí kò sì sí ẹni tó lè sọ pé "èmi fojú mi rí i", ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó béèrè ohunkóhun, bó jẹ́ ìyàwó pásítọ̀ ló fi í síbẹ̀, bó jẹ́ lémọ́mù ni. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó sì dá a níwájú igba ènìyàn ju òṣìkà lọ. Bí ẹnìkan bá ṣẹ̀ yín lóòótọ́, agbo ilé rẹ̀ wà, olórí àdúgbò wà, ilé ẹjọ́ ìlàjà wà, Police républicaine wà. Ọ̀nà wọn lè jìn, ó lè gba owó epo, ó lè gba sùúrù. Ibẹ̀ ni ẹ̀yin méjèèjì yóò ti sọ̀rọ̀.

Bí ó bá sì jẹ́ pé o ti fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, má kàn pa á rẹ́ kí o dákẹ́. Àwọn tó ti rí i kò mọ̀ pé irọ́ ni. Padà sí gúrúùpù kan náà lónìí, kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohun tí o pín kì í ṣe òótọ́, kọ orúkọ rẹ sábẹ́ rẹ̀, sọ fún gbogbo ẹni tí o fi ránṣẹ́ sí pé kí wọ́n ṣe bákan náà. Lẹ́yìn náà, wá ilé ẹni tí o bà lórúkọ jẹ́ lọ, kí o sì bẹ̀ ẹ́ lójú àwọn aládùúgbò rẹ̀.